«Mọ́mì, ṣé nítorí mi ni?»

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kì í pariwo mọ́ ara wa níṣojú ọmọ. Tí inú bá ń bí wa, ṣe la máa ń yan ara wa lódì fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ló ń bá wa jíṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, “Mọ́mì, ṣé nítorí pé mo gba 4 nínú 10 ni?” Ọ̀rọ̀ owó ilé la ń fà, kò kàn án rárá. Kí ló gbé ìyẹn wọ̀ ọ́ lórí? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ dúpẹ́ pé tiyín sọ ọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé e mì. Ohun tó rí kò ju pé òun mú 4 wálé, ilé sì dákẹ́. Ó so wọ́n pọ̀. Ọmọ tí àgbà kò bá sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún, ara rẹ̀ ló máa ń fi ṣe ìdí náà.

Ẹ ní ẹ kì í jà níṣojú rẹ̀, àmọ́ odì náà, ìjà ni. Láti ọdún 1994 ni Patrick Davies àti Mark Cummings, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé pé ohun tí ọmọ ń wò nínú ìjà òbí ni pé, ṣé ilé yìí ò ní tú mọ́ mi lórí? Bí ó bá rí i tí wọ́n parí ìjà, ara rẹ̀ a balẹ̀. Ní tiyín, mo fura pé inú yàrá, lóru, lẹ ti ń parí ẹ̀. Ọmọ jí, ó bá yín lẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó yí padà.

Iṣẹ́ tí ẹ ń rán an yẹn ló ká mi lára jù. Mo ti pàdé ọmọ ọdún 9 kan lẹ́nu iṣẹ́ mi tó máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe lójú ọ̀nà. Ìyá á ní, “Sọ fún un kó wá jẹun tó bá wù ú.” Ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, á kọ́kọ́ wo ojú bàbá, á wá ní, “Dádì, mọ́mì ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun.” Nígbà tí mo bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, ṣe ló ń wo ojú ìyá rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “ìwà bàbá ẹ gan-an lò ń hù yìí.” Ọmọ mọ̀ pé bàbá òun lẹ̀ ń bú, ó sì mọ̀ pé òun fi iwájú orí jọ ọ́.

Lálẹ́ òní, ẹ pè é jókòó: “Èmi àti dádì ẹ ń jiyàn lórí owó. Ìwọ kọ́ lo fà á. A máa yanjú ẹ̀.” Ẹ má sọ iye owó, ẹ má sọ ẹni tó jẹ̀bi. Tẹ́ ẹ bá sì ti parí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Tí bàbá rẹ̀ bá bá yín sọ ọ́, ó dára gan-an. Tí kò bá gbà, ẹ má dúró dè é. (Tí lílu ara ẹni bá wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ìmọ̀ràn yìí kò tó o, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀yin àtọmọ ti máa wà láìséwu.)

Ní ti 4 nínú 10 yẹn, ẹ fi í di ọjọ́ mìíràn.