Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìrìn-àjò sí Òkè tí Wọ́n ti ń Fò

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú ní oṣù yìí. Abẹ́òkúta ni gbogbo wọn ti wá, orí fífò láti orí òkè láìlo ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wọn sì dá lé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni a fún ní ìdáhùn tó gùn jù, nítorí pé ohun tó béèrè ni ìpìlẹ̀ fún àwọn yòókù.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rin ni wá. A ti ń dá owó jọ láti lọ sí òkè Kwahu ní orílẹ̀-èdè Gánà nígbà ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀, kí a lè bá wọn ṣe paragliding tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fò rí nínú wa. Láti Ọjọ́ Ẹtì títí di Ọjọ́ Ajé ni ìsinmi wa, a sì ti pinnu pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó fò. Báwo ni kí a ṣe ṣètò rẹ̀ tí owó wa kò fi ní ṣòfò? — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Òkè-Mosàn

A bá yín yọ̀ sí èrò yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Ọjọ́ Àbámẹ́ta de ara yín. Ẹni tó fẹ́ fò láti orí òkè kọ́ ni ó ń dá ọjọ́. Atẹ́gùn ni ó ń dá a. Aṣọ ìfò tí wọ́n ń lò fún paragliding kò ní irin nínú. Afẹ́fẹ́ tó wọ inú àwọn àpò tó ṣí sílẹ̀ ní iwájú rẹ̀ ni ó ń mú kí ó le bí ìyẹ́ ẹyẹ, páílọ́ọ̀tì àti èrò rẹ̀ a sì jókòó sínú bẹ́líìtì tí wọ́n fi okùn so kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Eré irú aṣọ bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá fipá mú un, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 35 sí 40 ní wákàtí kan. Bí atẹ́gùn tó dojú kọ òkè bá wà ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 20 ní wákàtí, ó dára, nítorí pé yóò bá wọn gbé aṣọ náà dìde, yóò kọlu ara òkè, yóò sì gòkè pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ bá tó eré aṣọ náà, ẹni tó wà lókè kò ní lè lọ síwájú mọ́. Atẹ́gùn lè tì í sẹ́yìn kọjá orí òkè, síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí bírí, tí aṣọ sì lè pa dé mọ́ni lórí. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ni ó ti ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbéra rárá. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè dé orí òkè tí oòrùn ràn, tí ojú ọjọ́ dára lójú yín, kí ẹ sì bá páílọ́ọ̀tì tó jókòó ti ẹrù rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó lè jókòó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fọkàn tán.

Ohun kejì ni òjò. Àsìkò Àjíǹde ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní gúúsù Gánà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín: òwúrọ̀ lè mọ́ kedere kí òjò tó ní ìjì ṣú lọ́sàn-án. Ìkùukùu irú òjò bẹ́ẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ sókè tagbáratagbára. Ní Oṣù Kejì ọdún 2007, nígbà tí Ewa Wiśnierska, ará Jámánì, ń fò nítòsí ìlú Manilla ní Ọsirélíà láti múra sílẹ̀ fún ìdíje àgbáyé, irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ fà á gòkè kọjá mítà 9,900. Ó dákú, yìnyín bò ó, ó sì tún sọ̀kalẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n ará Ṣáínà kan tí ìjì kan náà gbé kò yè é. Ọ̀jáfáfá ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn dúró nítorí òjò tó ṣú sí ọ̀nà jíjìn, ẹ má bá wọn jiyàn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ gba ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ kún èyí tí ìjọba fún yín, kí ẹ dé òkè ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ láti fò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣì ní òmíràn níwájú. Òwúrọ̀, tàbí ìgbà tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ni ó dára jù fún ẹni tí kò fò rí, torí pé lọ́sàn-án gangan ni ilẹ̀ gbígbóná ń ti afẹ́fẹ́ sókè, tí aṣọ a sì máa gbọ̀n jìgìjìgì. Kí ẹ sì fi í sọ́kàn láti Abẹ́òkúta pé ẹ lè lọ kí ẹ bọ̀ láìfò. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi èyí sọ́kàn ni ó ń bẹ páílọ́ọ̀tì pé kí ó gbìyànjú, ẹ̀bẹ̀ yẹn sì léwu ju òkè fúnra rẹ̀ lọ.

Ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ Kwahu, àjọ ìjọba Gánà tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ni ó sì ń ṣe kòkáárí rẹ̀. Orí òkè Odweanoma ní Atibie ni wọ́n ti ń gbéra, Nkawkaw tó wà nísàlẹ̀, lójú ọ̀nà Accra sí Kumasi, ni wọ́n sì ń balẹ̀ sí. Ibi tí èèyàn ti gbéra kọ́ ni yóò balẹ̀ sí, nítorí náà ọkọ̀ ni yóò gbé e padà gba ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ tó gun òkè, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ lásìkò ọdún. Kí fóònù àti owó díẹ̀ wà lára olúkúlùkù yín nínú àpò tó ní sípì. Àwọn ọmọ Kwahu a máa wálé láti ibi gbogbo fún Àjíǹde, bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń kún nígbà Ojúde Ọba. Ẹni tí kò bá gba yàrá ní oṣù mélòó kan ṣáájú lè má rí ibi sùn.

Ní ti ọ̀nà, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin lọ sí Èkó, kí ẹ wọ bàálù láti Ìkẹjà dé Accra ní nǹkan bíi wákàtí kan, kí ẹ wá wọ mọ́tò lọ sí Nkawkaw. Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbà láti Èkó, ẹ ó kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀, Hilla Condji àti Aflao, odidi ọjọ́ kan ni kí ẹ sì yà sọ́tọ̀ fún àlọ nìkan. Ọmọ ECOWAS ni wá, nítorí náà a kò nílò físà láti lo ọjọ́ 90 ní Gánà, ṣùgbọ́n ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání. Aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa.

Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lójú títì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pé bí atẹ́gùn bá kọ̀, ṣé owó yóò padà ni, àbí ẹ ó fò ní ọjọ́ kejì.

Ìgbéra ni ó kù, òun sì ni èrò máa ń bàjẹ́ jù. Páílọ́ọ̀tì yóò wà lẹ́yìn yín, a ó so yín mọ́ iwájú rẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá dìde, ẹ óò mọ̀ ọ́n bí ẹni pé ẹnìkan ń fà yín sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì máa sáré bí òkè ṣe dà, kí ẹ má dúró títí ẹsẹ̀ yín yóò fi máa tẹ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ èrò ni ó ń fò sókè tàbí kí wọ́n jókòó ní kété tí ara wọn bá fúyẹ́ díẹ̀. Ìwúwo wọn a fa aṣọ sílẹ̀, àwọn méjèèjì a sì wọ́ nílẹ̀. Títí páílọ́ọ̀tì yóò fi ní kí ẹ jókòó, eré ni kí ẹ máa sá. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn àti aṣọ alápá gígùn ni kí ẹ wọ̀. Agbádá, ìró àti sálúbàtà kò bá a mu.

Ẹ̀yin olóòtú, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ẹni ogún ọdún fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ fò, ó sì ní kí n bá òun lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀rù okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ń bà mí: bí ọ̀kan bá já ńkọ́? — Ìyá kan, Ìbarà

Ìyá wa, ẹ̀rù yín kò kọjá àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Okùn náà pọ̀, wọ́n jọ ń pín ẹrù náà gbé ni, agbára gbogbo wọn papọ̀ sì ju ìwúwo èèyàn méjì lọ fíìfíì. Jàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ sábà máa ń wá láti inú ojú ọjọ́ tí kò yẹ kí wọ́n gbéra nínú rẹ̀, tàbí láti ọwọ́ páílọ́ọ̀tì tó kánjú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín béèrè bóyá páílọ́ọ̀tì náà ní ìwé àṣẹ láti gbé èrò, nítorí pé ìwé àṣẹ láti dá fò kò tó. Páílọ́ọ̀tì tó bá ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá sábà máa ń ní káàdì IPPI, èyí tó ń fi ìpele ìmọ̀ rẹ̀ hàn, tí àjọ FAI tó ń bójú tó eré ojú òfuurufú kárí ayé fi lélẹ̀. Kí ó tún béèrè nípa páráṣúùtì ìpamọ́, èyí tí wọ́n ń ṣí bí aṣọ ìfò bá kọṣẹ́, àti ìgbà tí wọ́n tún un dì gbẹ̀yìn, nípa akoto, àti nípa ìbánigbófò. Páílọ́ọ̀tì gidi kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bínú, kí ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má fò àfi bí dókítà tó mọ̀ yín bá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì má fi ìlera yín pamọ́ fún páílọ́ọ̀tì. Bí dókítà bá ní rárá, ẹ jókòó sí Nkawkaw níbi tí wọ́n ti ń balẹ̀. Ẹ ó rí ọmọ yín bí ó ṣe ń bọ̀ láti òkè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kanlẹ̀.

Jórinjórin ni mí. Mo wo fídíò ìyẹ́ onírin kan tí èèyàn dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tó ń fò. Ó jọ pé mo lè rọ irú rẹ̀. Ṣé Kwahu náà ni mo ti lè gbé e fò? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Àdìgbẹ

Hang gliding ni ẹ rí. Igi ìyẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ páìpù alumíníọ̀mù, páílọ́ọ̀tì a dojú bolẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, a sì máa fi ara rẹ̀ tì sí ọ̀tún tàbí sí òsì láti darí rẹ̀. Ó ń sáré ju aṣọ paragliding lọ, ó sì ń rìn jìnnà: ní ọdún 2012, Dustin Martin gbé e láti Texas ní Amẹ́ríkà fún kìlómítà 764 láìsí ẹ́ńjìnnì. Paragliding ni ti Kwahu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ ọ́. A kò fojú kéré ọwọ́ yín. Otto Lilienthal ti Jámánì, tó fi ìyẹ́ tó ṣe fúnra rẹ̀ fò láti 1891, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénúdénú, onímọ̀ ẹ̀rọ sì ni. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyẹ́ náà ni ó já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1896, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Lónìí, wọ́n máa ń fi ẹrù àti ìdánwò lóríṣiríṣi yẹ irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kí èèyàn tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ọkàn yín bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fò gẹ́gẹ́ bí èrò, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ tó ní olùkọ́ tó gba ìwé àṣẹ. Orí ilẹ̀ tó dà díẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yín.

Kí ló dé tí a fi ń wá òkè lọ sí Gánà nígbà tí Olúmọ wà nílé? — Ọmọ Ẹ̀gbá, Ìtokò

Ìfẹ́ ìlú ló mú yín béèrè, ó sì wú wa lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Mítà 137 lókè ìpele òkun ni wọ́n ń kà fún Olúmọ, ìlú tó yí i ká fúnra rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tó ga, nítorí náà ohun tó kù lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó dúró lórí àpáta kò tó bẹ́ẹ̀. Fún mítà kan tí aṣọ paragliding bá sọ̀ kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó dákẹ́, ó lè lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí a bá tilẹ̀ fún un ní mítà 137 náà pé pérépéré, kò ní ju nǹkan bíi kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ, òrùlé ilé, wáyà iná àti ọjà ni ó sì kún gbogbo àyíká yẹn. Kò sí pápá tí a lè balẹ̀ sí. Ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí òkè mìíràn tó yẹ nílẹ̀ wa, àjọ NCAA tó ń ṣàkóso ojú òfuurufú ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, lẹ́yìn náà ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn onílẹ̀.

Ohun tí Olúmọ lè ṣe fún ẹni tó ń lọ sí Kwahu ni pé kí ó fún un lẹ́sẹ̀. Ẹ má wọ ẹ̀rọ agbénisókè níbẹ̀. Ẹ gba àtẹ̀gùn, kí ẹ máa gùn ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì ṣáájú ìrìn-àjò yín, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ gan-an, kí ó lè bá ẹsẹ̀ yín mu kí ẹ tó máa sáré nínú rẹ̀ lórí Odweanoma.