Ẹ Bi Wá Léèrè Ọkọ̀ Yín: Pọ́ǹpù epo tó dákẹ́ lójijì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Toyota Corolla 2005 ni mo ń wà. Mo páàkì í sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìgbọ̀nà. Nígbà tí mo padà dé, ẹ́ńjìnnì ń yí ṣùgbọ́n kò sítáàtì. Mẹkáníìkì ní pọ́ǹpù epo ti kú. Mo ra tòkunbọ̀, a fi í sí i, kò sí ìyàtọ̀. Ṣé èyí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún mi ni? – Awakọ̀ kan, Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Pọ́ǹpù tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní yí, ìbáà jẹ́ tuntun inú páálí. Iná yẹn ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì gba inú fíúsì, ó ń gba inú rìléè (súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa), ó ń tọ wáyà lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kó tó dé orí tánkì, ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì nípasẹ̀ irin ọkọ̀) padà. Ibi yòówù kó já sí, pọ́ǹpù á dákẹ́. Iṣẹ́ rẹwáyà nìyí ju ti mẹkáníìkì lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, pọ́ǹpù á kùn bí oyin fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Ọ̀pọ̀ Toyota kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí gan-an ni brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) tó ń fún un níná. Nítorí náà, kí ẹnì kan máa fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo fíúsì tí wọ́n kọ EFI sí. Ẹ fi tẹ́sítà kan orí rẹ̀ méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ tàn níhà méjèèjì. Bó bá ti jó, iye ámípíà kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ má fi wáyà lásán dì í rárá. Bí tuntun náà bá tún jó, ẹ yọ kọ́nẹ́kítọ̀ pọ́ǹpù kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Bí kò bá jó mọ́, pọ́ǹpù ló há tàbí tó ṣọ́ọ̀tì. Bó bá ṣì jó, wáyà ti bó lójú ọ̀nà.

Rìléè tí wọ́n kọ C/OPN sí ló kàn. Ó lè dún “kà” kó má sì gbé iná kọjá, nítorí ojú inú rẹ̀ ti jó. Lórí rìléè Toyota, ẹsẹ̀ 1 àti 2 ni ti kọ́ìlì (èyí tó ń mú kí rìléè ṣiṣẹ́), 3 àti 5 ni iná pọ́ǹpù ń gbà kọjá (lórí àwọn ti Jámánì, 85 àti 86, lẹ́yìn náà 30 àti 87). Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi wáyà tó ní fíúsì ámípíà 15 so ojú ihò 3 mọ́ 5, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. Bí pọ́ǹpù bá kùn, òun àti wáyà rẹ̀ dára: rìléè ni, tàbí àṣẹ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí pílọ́ọ̀gì náà kò bá taná, ẹ lọ wo crank sensor, èyí tó ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ń yí.

Bí kò bá kùn, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ẹ ṣí ìdérí irin abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, ẹ má sì fi wáyà bátìrì kan pọ́ǹpù níbẹ̀, òórùn epo ń gbiná. Wáyà méjì tó nípọn ni ti pọ́ǹpù, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti géèjì. Ẹ fi gílóòbù bíréèkì wáàtì 21 sáàárín wáyà méjèèjì. Mítà lè ka fóòtì 12 lórí wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo. Gílóòbù tó ń fa ámípíà tó tó 1.75 kò ní jẹ́ kí irú wáyà bẹ́ẹ̀ tàn yín jẹ. Bó bá tàn dáadáa tí pọ́ǹpù sì dákẹ́, pọ́ǹpù náà ló bàjẹ́ lóòótọ́. Bí kò bá tàn, ẹ gbé ìdí gílóòbù tó wà lórí ẹ́ẹ̀tì lọ sára irin ọkọ̀. Tó bá tàn báyìí, ẹ́ẹ̀tì ló já. Ẹ wo ojú kọ́nẹ́kítọ̀ náà: bó bá ti dúdú tàbí yọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, fífá a kò tó.

Ṣé wọ́n ti fi síkíọ́ríìtì (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí olè gbé ọkọ̀ lọ) sí ọkọ̀ náà rí? Nígbà tí ọkọ̀ tó ń lọ geerege bá kọ̀ lẹ́yìn páàkì, ibẹ̀ lọwọ́ wa kọ́kọ́ ń lọ. Wáyà pọ́ǹpù ni wọ́n sábà máa ń gé fún un, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á fi téèpù wé e lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Oríkèé yẹn máa ń bọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé wíwa ọkọ̀ nígbà tí iná epo bá ti tàn ń pa pọ́ǹpù? – Onítáásì, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Ó ń pa á. Epo inú tánkì ló ń tu pọ́ǹpù lára, òun náà ló ń fún un ní ọ̀rá. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Epo inú jẹ́ríkáànì tó ti gba omi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dà á sí i, sísẹ́ lásán kì í yọ omi kúrò.