Èsì: Kí ló dé tí wọ́n ń rọra rìn níbi tó yẹ kí wọ́n ti sáré?

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ bèèrè pé kí ló dé tí eléré kẹ̀kẹ́ méjì fi ń wo ara wọn dípò kí wọ́n sáré nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ orí pápá tí wọ́n ń pè ní sprint. Afẹ́fẹ́ ni. Ẹni iwájú ló ń fàyà gbà á. Ẹni tó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ń sinmi, ó sì ń rí gbogbo ìṣe rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni iwájú fi ń yíjú wẹ̀yìn ṣáá.

Ìdíje ẹlẹ́ni méjì nìkan lèyí bá mu, ìyípo 3 lórí pápá oní-250 mítà. Nínú 200 mítà àṣeyege (ìpele ìyege tó ṣáájú) tí oníkálukú ń dá sá, kò sọ́gbọ́n kankan, eré tete ni: Harrie Lavreysen, eléré kẹ̀kẹ́ ọmọ Netherlands, sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.088 ní Olympics Paris 2024.

1. Ìbò ni wọ́n fi ń mú ẹni tí yóò ṣíwájú. Kò gbọdọ̀ dúró kó tó dé òdìkejì pápá.
2. Lẹ́yìn náà, ó lè dúró gbagidi kí ẹnìkejì lè kọjá. Kẹ̀kẹ́ yìí ò ní bíréèkì, pẹ́dà rẹ̀ kì í sì í yí lófo. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró.
3. Etí pápá ga ju inú rẹ̀ lọ. Wọ́n á gun òkè yìí, kí ìsọ̀kalẹ̀ lè ta kẹ̀kẹ́ síwájú.

Ẹni tó bá tètè já sáré, ẹsẹ̀ á kú kó tó dópin. Ẹni tó bá sì jẹ́ kí àlàfo fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ yẹn náà ni yóò gbá a. Bí eré bá ti gbóná tí ẹni iwájú sì wà nísàlẹ̀ ìlà pupa (ìlà tó pààlà ọ̀nà inú pápá), ẹni ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ gba inú kọjá. Òkè ni kó gbà.