Ẹ ka gbèsè kí ẹ tó ka ẹrù

Àbúrò mi tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ìwọ àti ọkọ rẹ ti gbà pé kí kálukú máa lọ, ẹ ò bára yín jà, àmọ́ wọ́n ní kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí kóòtù yóò fi pín ṣọ́ọ̀bù Akẹ̀sán àti ilé tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́. O wá ń bèèrè bóyá ẹ lè jókòó pín in fúnra yín. Ẹ lè pín in. Èmi náà pín tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ jìyà ní kóòtù, nígbà tí a sì wá jókòó pín in, mo ṣe àṣìṣe kan tó jẹ owó lọ́wọ́ mi.

Oṣù kìíní ọdún 2021 ni mo pẹjọ́. Ìdána nìkan la ṣe, a ò fọwọ́ síwèé níbì kankan, torí náà kóòtù ìbílẹ̀ ni mo gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n tíì pè wá tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù fi daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lóṣù kẹrin, ó di oṣù kẹfà kí wọ́n tó wọlé padà. Wọ́n wọlé tán, lónìí adájọ́ ò sí, lọ́jọ́ mìíràn ọkọ mi ò wá, lọ́jọ́ mìíràn ẹlẹ́rìí ni wọn ò rí. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n sún ẹjọ́ yẹn. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Tákíè. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì kóòtù, iná lọ láti àárọ̀, ọmọ tí mo fi sí ṣọ́ọ̀bù ò sì rántí tan jẹnẹrétọ̀. Páálí Titus mẹ́ta ló yọ́. Mo dé bá omi pupa lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ológbò àdúgbò ti péjọ.

Ohun tí a sì ń du ní gbogbo àkókò yẹn, fìrísà ni! Fìrísà kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò dé mọ́, okùn ni mo fi ń so ó. Ọkọ mi ní owó òun ló rà á, èmi náà ní owó mi ni.

Òun gan-an ló kọ́kọ́ pè mí. "Ìyá Ìbejì, ó ti rẹ̀ mí o." Wẹ́ẹ́dà ni, ọjọ́ tó bá ti lọ kóòtù, oníbàárà á gbé géètì rẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn. A wá bàbá kan ní Sábó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, tí kò bá ìdílé kankan nínú àwa méjèèjì tan. Bàbá ní òun ò fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n ọkọ, òun ò fẹ́ rí ìyá ìyàwó. (Ìyá mi bínú sí mi fún oṣù kan gbáko nítorí èyí. Síbẹ̀, ká ní ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, à bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ dòní.)

A jókòó tán, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù. Bàbá ní kí n dúró ná. Ó ṣí ìwé ọmọ iléèwé kan, ó yọ bíró pupa, ó ní, "Ta lẹ jẹ lówó?" A wo ara wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦365,000, lórúkọ mi, òun la fi ra páànù. Oní-sìmẹ́ńtì, ₦140,000, ọkọ mi ló jẹ ẹ́, n ò tilẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń gbé ẹja fún mi láwìn, ₦210,000, ọkọ mi náà ò mọ ìyẹn. Owó iléèwé àwọn ọmọ, ₦75,000. Bàbá rò ó: ₦790,000. Ọkọ mi bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ fìrísà mọ́ nínú wa.

Ilé ló gba ọjọ́ méjì. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ la kọ́ ọ sí, ilẹ̀ ẹbí, kò sí bí mo ṣe máa ní kí wọ́n gé yàrá méjì fún mi níbẹ̀. Ohun tó gbà mí ni agolo mílíìkì ńlá kan tí mo ń kó rìsíìtì sí láti ọdún tí a ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. A mú bíríkìlà kan tí àwa méjèèjì ò mọ̀ rí, ó ka búlọ́ọ̀kù, ó wo páànù, a sì fẹnu kò sí ₦650,000 fún ìpín tèmi. Ọkọ mi á mú ilé, á san gbèsè ẹgbẹ́ tó wà lórúkọ mi, ₦285,000 tó kù á sì wá ní ìgbà mẹ́ta, ₦95,000 lẹ́ẹ̀kan. A kọ ọ́, a fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, a gbé e lọ fún kóòtù, wọ́n kọ ọ́ wọ inú ìwé ìdájọ́ wọn.

Àṣìṣe mi rèé. A ò pe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sí i. Ọkọ mi san oṣù méjì, iṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró, kò san mọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kò mọ ohun tí à ń pè ní àdéhùn tọkọtaya, orúkọ mi ló wà nínú ìwé tirẹ̀. Wọ́n yọ ₦60,000 nínú àjọpamọ́ mi kí n tó gbọ́. Ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó kò sí lára àdéhùn yín, ẹni tó yá a ló mọ̀. Ká ní a ti mú ọkọ mi lọ síwájú ẹgbẹ́, kí wọ́n yí gbèsè náà sí orúkọ rẹ̀, kó sì mú onídùúró tirẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ò bá má dà bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọkọ mi dá owó náà padà, àmọ́ ó gba oṣù mẹ́fà, ìyẹn sì tún mú ká padà sọ́dọ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì.

Ní tìrẹ, o ní ẹ forúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísìrì. Ìgbéyàwó yẹn, kóòtù gíga nìkan ló lè tú u ká, kóòtù ìbílẹ̀ ò ní agbára lórí ẹ̀. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ dá a, ìdájọ́ àkọ́kọ́ yẹn á fi oṣù mẹ́ta jókòó kó tó di àṣepé, torí náà má tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe ìdána. Àmọ́ ohun ìní, ẹ lè fẹnu kò lórí ẹ̀ nílé, kí lọ́yà kọ ọ́ dáadáa, kí ó gbé e síwájú adájọ́ kó sọ ọ́ di àṣẹ. Ti àwọn ọmọ ni kí ẹ má rò pé ẹ ti parí rẹ̀ láàárín ara yín: ohun tó dára fún ọmọ ni adájọ́ á wò, ó lè yí ohun tí ẹ kọ padà. Bí ilẹ̀ yín bá sì ní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní pálọ̀ kò tó láti gbé e kúrò lórúkọ ẹnì kan bọ́ sí tẹlòmíràn. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Bó bá ń nà ọ́, tàbí tí o mọ̀ pé ó ń fi owó pamọ́, gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, dúró ní kóòtù. Pálọ̀ ò lè fipá mú ẹnikẹ́ni ṣí ìwé báǹkì rẹ̀.

Ilẹ̀ tí ilé yín wà lórí ẹ̀ ńkọ́, orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì rẹ̀? Wá ìyẹn jáde kí o tó pè é jókòó.