Bí ẹ ṣe lè sá Peachtree lábẹ́ ìṣẹ́jú 55

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ ní 58:40 lẹ fi sá Peachtree Road Race, eré 10 km orí títì ní Atlanta, lọ́dún tó kọjá, pé orí òkè lẹsẹ̀ yín ti kọṣẹ́, pé ẹ sì fẹ́ wọ 54 ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje tó ń bọ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ má di ẹ̀bi ru òkè yẹn. Máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ ti jẹ gbèsè, òkè kàn wá sin owó ni.

Ẹ wo ojú ọ̀nà náà. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé ìtajà Lenox Square ní àdúgbò Buckhead. Ilẹ̀ á máa rọra dà gẹ̀rẹ́ títí dé Peachtree Creek, ara á fúyẹ́, èrò á máa hó, wọ́n á máa wọ́n omi mímọ́ sí àwọn asáré lára níwájú Kátídírà St. Philip. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná ohun tí wọn kò ní. Kété lẹ́yìn máìlì kẹta, ilẹ̀ á gbé orí sókè: Cardiac Hill nìyẹn, ó tó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máìlì, títí dé Piedmont Hospital. Àwọn òkè kéékèèké tún wà nínú àdúgbò Midtown tí èèyàn kì í kà kún nǹkan, kí ẹ tó yà sọ́wọ́ òsì sí 10th Street, tí ilẹ̀ á tún dà lọ bá Piedmont Park.

Fún 54:50, ẹ fi báírò kọ èyí sẹ́yìn ọwọ́: máìlì 1, 8:53, máìlì 2, 17:30, máìlì 3, 26:14, máìlì 4, 35:32, máìlì 5, 44:31, máìlì 6, 53:05. Wọn kò dọ́gba, nítorí ilẹ̀ náà kò dọ́gba. Bí ẹ bá kọjá máìlì kẹta kí aago tó lu 25:45, inú yín lè dùn o, ṣùgbọ́n ẹ máa san án padà ní ìlọ́po méjì kí ẹ tó dé Midtown.

Ẹ má tẹ̀lé ìwọ̀n eré tí aago ọwọ́ ń kà. Ibi tó gé jù lójú ọ̀nà ni wọ́n fi wọn 10 km. Ẹni tó bá ń yà sọ́tùn-ún yà sósì láàárín èrò lè sá 10.1. Mítà 100 yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 33 lọ́wọ́ yín. Ní 1970 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, èèyàn 110 ló sá a, àyè gbà wọ́n. Lónìí ẹgbẹẹgbàárùn-ún ni. Torí náà, ẹ tètè fi àkókò ìdíje kan tó yá ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi yín sínú wave (ọ̀wọ́ tó jọ ń gbéra) àwọn tí ẹ jọ ń sáré bákan náà. Bí ẹ bá há sẹ́yìn àwọn tó ń rìn, ẹ ní sùúrù fún mítà 400, àyè á ṣí. Níbi tí títì bá ti tẹ̀, etí inú ni kí ẹ gbà.

Òkè gan-an wá ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ gé ìgbésẹ̀ kúrú kí ẹ tó dé ìdí ẹ̀. Ẹ má wo òkè; ẹ wo nǹkan bí mítà márùn-ún síwájú ẹsẹ̀. Ẹ fara síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, kó má ṣe láti ìbàdí, torí ẹni tó bá ká ìbàdí á dí èémí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ máa fi fà. Bí ọwọ́ bá yá, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Èémí yín ni aago ibẹ̀: ẹsẹ̀ méjì ẹ fà á sínú, ẹsẹ̀ méjì ẹ tú u síta. Bó bá ti di ẹsẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ kan, ẹ ti le jù, ẹ dẹwọ́. Àwọn aláìsàn Shepherd Center, ilé ìwòsàn àwọn tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ, máa ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ wọn lẹ́bàá ọ̀nà lókè níbẹ̀, tí wọ́n ń kí asáré. Ẹ dá wọn lóhùn, àmọ́ ẹ má dúró. Lójú tèmi, ibi tí òkè ti parí lèèyàn ti ń pàdánù jù, nítorí gbogbo èèyàn ló ń sinmi níbẹ̀. Ẹ ka ìgbésẹ̀ 30 kọjá orí òkè kí ẹ tó mí kanlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó fún ìmúrasílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ sáré gun òkè fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kó máa pọ̀ sí i títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ sọ ọ́ di 1 km lọ́nà márùn-ún ní 5:20 sí 5:25, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú méjì. Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 20 sí 30 ní eré tí ẹ ò fi ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Sátidé, 12 sí 16 km pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nǹkan bí 6:45 fún kìlómítà kan. Eré pẹ̀lẹ́ yìí ni àwọn èèyàn ń bàjẹ́: wọ́n á sá a ní 6:00, Ìṣẹ́gun á dé, ẹsẹ̀ á ti wúwo. Ẹ tún fi sísọ̀kalẹ̀ òkè kún un lọ́sẹ̀ méjì-méjì, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Buckhead ló ń fọ́ iwájú itan. Bí ojúgun bá ń dùn yín láàárọ̀, ẹ fi òkè sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ gé gbogbo rẹ̀ sí ìdajì.

Ooru: ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ máa sá eré pẹ̀lẹ́ yín nírọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ṣì gbóná, ìṣẹ́jú 40. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14, òógùn á máa tètè jáde, àyà ò sì ní máa lù kìkì mọ́. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ mu omi ife méjì ní wákàtí méjì ṣáájú, àbọ̀ ife nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15. Lójú ọ̀nà, gbà, fi ẹnu kan án lẹ́ẹ̀mejì, da ìyókù sórí. Bí àsíá pupa bá wà níta, ooru ti léwu, ẹ fi 54 sílẹ̀ fún ọdún míì.

Ọjọ́ kẹta oṣù Keje ni ìdẹwò ọdún ti ń dé, nítorí gbogbo ilé ló ń sun ẹran. Ẹ jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹja díẹ̀ kí aago méje alẹ́ tó lù. Ẹ fi sùyà àti bíà sílẹ̀ títí dọ̀la. Láàárọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti búrẹ́dì, wákàtí méjì ààbọ̀ ṣáájú. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ á máa gún yín. Bàtà tí ẹ ti fi sá tó 50 km, kì í ṣe tuntun. Ẹ fi Vaseline pa abẹ́ itan. Ẹ wọ MARTA, ọkọ̀ ojú irin ìlú Atlanta, lọ, nítorí ọ̀nà á ti dí.

Bí ẹ bá ti yà sí 10th Street, ìdẹ̀ra ilẹ̀ ti dé, gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù lára ni kí ẹ tú síbẹ̀. Ẹ má dúró lórí ìlà ìparí, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbá yín. Ẹ rìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gba omi, ẹ lọ gba ṣẹ́ẹ̀tì yín.