Ẹ má tíì pe rìwáyà sí 504 bàbá yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jí pickup Peugeot 504 bàbá yín dìde ní Ìgbógbó. Ẹ ní eku ti jẹ wáyà inú rẹ̀, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ ra odindi ìdì wáyà tokunbo ní ọjà Ládípọ̀ ni, tàbí kí rìwáyà fa tuntun. Ẹ tún béèrè irú irin tí wẹ́dà máa fi ṣe bráákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó ń gbé alternator mọ́ ẹ́ńjìnnì, fún alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún bátìrì) tí kì í ṣe ti Peugeot. Nígbà tí mo ka ìyẹn lóru àná, oorun dá lójú mi. Bráákẹ́ẹ̀tì alternator àti wáyà ló fẹ́ sun èmi àti ìyàwó mi mọ́ inú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìtóìkín.

Ẹ má tíì pe rìwáyà. Kí páńẹ́bítà parí, kí wẹ́dà parí, kí ọ̀dà gbẹ, kí wáyà tó kan ara ọkọ̀. Èmi kánjú. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ náà lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́, mo wá jẹ́ kí rìwáyà ṣe tirẹ̀ tán kí wẹ́dà tó dé. Wẹ́dà dé, ó jó ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, kò tú orí bátìrì, kò sì ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò tán. Ooru ti yọ́ rọ́bà ara wáyà tó gba ibẹ̀ lọ sí iná ẹ̀yìn, a ò rí i. Láti ọjọ́ náà ni alternator àtijọ́ kò ti ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí bí ẹ bá ń jó irin lára ọkọ̀ tí bátìrì ṣì wà lórí rẹ̀, iná yẹn lè pa diode, ohun kékeré inú alternator tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo bi rìwáyà, ó ní wẹ́dà ni. Mo bi wẹ́dà, ó ní rìwáyà ni. Owó mi ni wọ́n jọ ná.

Bí mo ṣe dé ìdí bráákẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo ra alternator tokunbo tó jẹ́ ti ọkọ̀ Japan, 70 amp, nítorí mo fẹ́ fi fáànù oníná sí iwájú radiétọ̀. Wẹ́dà kan nítòsí Sábó ní kí n fún òun ní wákàtí kan. Ó mú páànù gẹ́éjì 16, ó ká a bí ẹni ká ewé, ó jó o mọ́ra, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ó dán, ó wuni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi gbá alternator mú, ọwọ́ kejì kò sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́líìtì méjì ti já. Mo lọ bá ẹni tó ta bẹ́líìtì jà, mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, bí bẹ́líìtì yín bá ń já, tó ń tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí aṣọ tí wọn kò ṣẹ́, ẹ má lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Púlì alternator kò bá púlì ẹ́ńjìnnì lọ gbọọrọ ni.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, òjò ń rọ̀. A ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, iná iwájú wà lórí, wáípà ń lọ, fáànù ń lọ. Páànù gẹ́éjì 16 yẹn ti ń sán láti ọjọ́ pípẹ́. Lójijì ó ṣẹ́. Alternator fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí bóòtì tí wáyà ńlá wà lára rẹ̀ sì lọ kan irin ara ọkọ̀. Wáyà ńlá yẹn, tààrà láti bátìrì ló ti wá, kò sí fíúsì kankan láàárín. Òórùn rọ́bà tó ń jó ni ìyàwó mi kọ́kọ́ gbọ́. Èéfín yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo pa kọ́kọ́rọ́, èéfín kò dúró. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ pátápátá, èéfín ń pọ̀ sí i. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé kọ́kọ́rọ́ kò láṣẹ lórí wáyà tó ti ara bátìrì lọ sí alternator. Orí bátìrì nìkan ni mo lè fi pa á, spánà 10 tí mo fẹ́ fi tú u sì wà nínú àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn, lábẹ́ àpò gàrí mẹ́fà. Wáyà náà pọ́n yòò bí irin inú ẹwìrì, ó sì ń yọ́ wọ inú gbogbo wáyà tí wọ́n dì pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà ló sáré gbé yẹpẹ̀ wá, wọ́n dà á sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́run ló yọ wá. Dáṣíbọ́ọ̀dù yọ́ tán. Ìyàwó mi kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ fún ọdún kan.

Nítorí náà, spánà tó bá orí bátìrì yín mu, inú ọkọ̀ níwájú ni kó máa wà. Ẹ tún ra súìsì tí wọ́n fi ń ya bátìrì sọ́tọ̀, ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ yín lè tètè dé. Kò wọ́n tó dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bráákẹ́ẹ̀tì wá nìyí. Irin pẹlẹbẹ 8 mm ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe páànù. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé e, ẹ gbé páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣàmì sí ibi tí ihò bóòtì wà, ẹ tún un gé títí yóò fi bá a mu, kí ẹ tó gé irin. Kó ní etí méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, kí alternator wà láàárín bí ọmọ tí bàbá àti ìyá fọwọ́ dì mú. Ibi tí àlàfo bá wà láàárín etí àti alternator, ẹ fi páìpù kékeré dí i. Ẹ má fi bóòtì dí i nípa fífún un pa, ìyẹn ló ń ṣẹ́ etí alternator. Bóòtì tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni kí ẹ rà. Kí wẹ́dà tó jó o pa, kó kọ́kọ́ jó o díẹ̀díẹ̀ síbi mẹ́ta péré, kí ẹ gbé e sórí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi rúlà irin gígùn kan ojú púlì méjèèjì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín rúlà àti púlì kan, kò tíì tọ́. Ẹ má gbà fún wẹ́dà tó bá ní bẹ́líìtì máa bá a mu fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi bẹ́líìtì sí i, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níbi tó gùn jù, kó lọ sílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan.

Páànù ara ọkọ̀ yàtọ̀ sí èyí o. Wẹ́dà tó bá fẹ́ fi electrode ńlá jó etí ilẹ̀kùn tàbí ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ lé e. Gáàsì ni wọ́n fi ń jó o, tàbí ẹ̀rọ CO2, ibi kékeré kékeré, kí páànù má baà ká.

Bí ẹ bá fi alternator 70 amp sí i, ẹ má lo wáyà àtijọ́ fún un. Wáyà onífọ́nrán 16 mm² ni kó ti ara rẹ̀ lọ sí bátìrì, kí fíúsì ńlá 80 amp wà lẹ́bàá bátìrì. Fíúsì ò wà fún gílóòbù tàbí rédíò. Wáyà ló ń ṣọ́, kó lè kú kí wáyà tó pọ́n. Rìwáyà tèmi fi fọ́nrán wáyà de fíúsì tó jó, ó ní kó má baà máa dà mí láàmú. Mo ṣì ń bínú sí i dòní. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá gbé wáyà ilé wá, èyí tó ní irin kan ṣoṣo nínú. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, irin kan ṣoṣo yẹn máa ń kán nínú rọ́bà láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ kejì tí wọn kì í sọ fún yín. Iná tó jáde láti bátìrì gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì, ara ọkọ̀ ló sì ń gbà padà. Ẹ ti kun ọkọ̀ lọ́dà tuntun, ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Níbi gbogbo tí wáyà ẹ́ẹ̀tì bá ti kan ara, ẹ fi gíráńdà tàbí yanrìn-pépà họ ọ̀dà kúrò títí irin yóò fi funfun, ẹ fún bóòtì pa, lẹ́yìn náà kí ẹ fi gírísì bò ó, nítorí ọ̀sà kò jìnnà sí wa, kọ́pà máa ń tètè yí di àwọ̀ ewé. Wáyà ńlá kan láti ẹnu òdì bátìrì sí ẹ́ńjìnnì, òmíràn láti ẹ́ńjìnnì sí ara. Òdì bátìrì tèmi kan ara ọkọ̀ nìkan, kò sí wáyà ńlá kankan tó kan ẹ́ńjìnnì, wáyà tí wọ́n fi ń fa ṣókù ló wá ń gbé iná sítátà padà, ó gbóná débi tí mi ò lè dì í mú. Mẹkáníìkì mẹ́ta wò ó, gbogbo wọn ní sítátà ló bàjẹ́. Mo ra sítátà méjì lásán. Ẹ fi mítà wò ó: ẹnu kan lórí òdì bátìrì, ẹnu kejì lára ọkọ̀, kí iná iwájú wà lórí. Bí ó bá ju 0.2 volt lọ, ẹ́ẹ̀tì yín kò dára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí bátìrì fi 13.8 sí 14.4 volt hàn.

Iná iwájú, fáànù àti họ́ọ̀nù, ẹ fi rìléè sí wọn, ìyẹn súìsì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Rìwáyà tó mọṣẹ́ mọ 30, 85, 86 àti 87, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹnu rẹ̀.

Nípa ìwé ọkọ̀, bí ẹ bá yí àwọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i nínú ìwé kí ẹ tó gbé e jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ fi ń sọ fún mi pé kí n padà wá lọ́la. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n wá yẹ ọkọ̀ náà wò, táyà ni wọ́n wò, wọ́n wo ìpaná àti C-caution, kò sí ẹni tó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Oṣù kan kí ọkọ̀ tó jóná nìyẹn. Páànù gẹ́éjì 16 náà ti ń sán nígbà tí wọ́n fún mi ní ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yín: tuntun ni kí ẹ fà. Ìdì wáyà tokunbo Ládípọ̀ àti èyí tí eku jẹ, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Ẹ tẹ rọ́bà ara wáyà ogójì ọdún, ó máa ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ti àtijọ́ nù. Ẹ tú u jáde lódindi, ẹ nà án sórí pátákó, ẹ fi téèpù funfun kọ orúkọ sí ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí rìwáyà máa wò ó bá tuntun mu. Àwọn ike sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ni kí ẹ lọ wá ní tokunbo. Gbogbo ihò irin tí wáyà bá gbà kọjá, ẹ fi rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ so bátìrì mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má tíì so òdì rẹ̀ tààrà. Ẹ pa ohun gbogbo, ẹ fi gílóòbù 21 watt sáàárín òdì bátìrì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá tàn, ẹ lè so ó. Bí ó bá tàn yòò, wáyà kan ti kan ara níbì kan. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kú, ẹ sì ya fọ́tò ibẹ̀ wá kí n bá yín wò ó. Mo máa ń wà níbí lálaalẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án.