Ẹ̀rù ò jẹ́ ká yà sílé aládùúgbò wa

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàràpá ni mò ń gbé. Àwọn ajínigbé gbé ọkọ aládùúgbò wa lọ́nà oko. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń yà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá sún mọ́ ọn, àwọn amí á ti rí i. Àwọn ọkọ wa náà ń kọ̀ fún wa láti lọ. Ẹ̀gẹ́ wọn ń jẹrà sínú ilẹ̀. Kí ni ká ṣe?
Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù yín kì í ṣe àsọdùn. Oṣù kẹfà ọdún 2021, òru ni àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá yín, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Nítorí náà, ẹ má dá lọ. Ẹ kó ara yín jọ, bíi mẹ́rin, ẹ lọ bá a lọ́sàn-án gangan, ẹ gbé ọbẹ̀ dání. Ẹ má bi í ní iye owó tí wọ́n ní kó mú wá o! Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọjà tàbí orí WhatsApp.

Ti ẹ̀gẹ́, ẹ bá a hú u bí ẹní dá àáró. Ẹ fi tó àwọn Àmọ̀tẹ́kùn létí ṣáájú, ẹ kúrò lóko kóòrùn tó rẹlẹ̀. Ẹ jọ bó o, ẹ jọ yan gààrí, kẹ́ ẹ kówó rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kí gbogbo yín mọ nọ́mbà 112 tí à ń pè nígbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn ọkọ tó ń kọ̀ ńkọ́? Kí wọ́n gbé àdá, kí wọ́n ṣáájú.